Ọ̀pá Funfun Inú Ilé Olódi

Láti ilẹ̀ ni Ìyá Òkúta ti bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Kò tíì gbé ògiri dìde, kò tíì ronú òrùlé. Pákó ilẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ́ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló wá ń fá wọn wọnú níbi tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀ jù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá wọ ilé ọ̀pá, tó sì fẹ́ mọ ọ̀pá tó le jù nínú wọn, kó má wo ọ̀pá, kó wo ilẹ̀. Níwájú èyí tó le, pákó á ti jẹ wọnú bí àwo, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí máa ń fi ẹsẹ̀ tì kó tó lè fà á.

Ilé ọ̀pá ni bàbá náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ibi iṣẹ́ wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí wọ́n fi gíláàsì yí ká, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè rí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ. Nínú ilé yìí, àwọn ọ̀pá irin tò ní ìlà kan, wọ́n ga dé àyà èèyàn. Bí o bá fa ọ̀kan, wáyà kan á fà lábẹ́ ilẹ̀ títí dé ọ̀nà jíjìn, apá irin kan á gbéra sókè lóhùn-ún, awakọ̀ á rí i, á mọ̀ pé ọ̀nà là. Bí o bá fa òmíràn, ojú irin fúnra rẹ̀ á yí, ọkọ̀ á sì yà síbòmíràn. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti lo èwe àti àgbà rẹ̀, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà rọ́pò àwọn ọ̀pá, tí wọ́n sì wó ilé náà.

Ìyá Òkúta kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ibi iṣẹ́ ló ti gbà á. Géèmù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí ẹni tó ń gbá a á di ẹlòmíràn, á gba idà, á máa rìn káàkiri ayé kan, á máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, tí agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Látìgbà tó ti débẹ̀, ayé kan náà ni: ọba, igbó, dírágónì, àwọn jagunjagun nínú ìhámọ́ra, àti ilé olódi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkúta. Ó kàn ń ya fọ́tò ògiri kiri ni, ó ń wo ibi tí òjò ti ń ṣàn gbà, ó ń wo bí igun òkúta ṣe máa ń fọ́ níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ti ń ha á, títí òkúta tirẹ̀ fi di ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ fọwọ́ kàn lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo òkúta inú gbogbo ilé olódi wọn, tirẹ̀ ni. Wọ́n kàn ń tún wọn tò ni. Ògiri ààfin ti géèmù tó kọjá lè di ògiri ẹ̀wọ̀n nínú ti tuntun. Bí ọwọ́ èèyàn bá ti tẹ ilé olódi kan, èkejì kì í náni ní púpọ̀, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdí kan tí wọn ò fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Ọ̀gá pe ìpàdé lórí géèmù tuntun, tó sì gbé àwòrán kan sára ògiri, Ìyá Òkúta ò lè mú un mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ilé olódi tún ni?"

"Kí ni ilé olódi fi ṣe ọ́? Òun ló ń bọ́ ọ."

"Ó ń bọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Tá a bá gbé ọba ìjẹta sórí ìtẹ́ tuntun yìí, ta ló máa mọ̀?"

"Mo ti gbé e síbẹ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. Jẹ́jẹ́ ni ẹni tó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni mo gé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. "Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ra géèmù wa ò ní sùúrù. Tó bá ti rí ilé olódi, ó ti mọ ohun gbogbo: ọba wà lókè, nǹkan burúkú wà nísàlẹ̀, ohun rere wà nínú àpótí. Mi ò ní í kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ tún wò ó, kò sí alààyè kan tó gbé ibẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó máa pè mí lórí fóònù pé mo pa irọ́ mọ́ ibi iṣẹ́ òun."

"Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, Ọ̀gá. Ta ló ń gbé omi gun ilé gogoro yẹn? Ta ló ń kó ìgbẹ́ ẹṣin?"

"Ìwọ ló fẹ́ kó o?"

"Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbì kan," ni ó wí, ó sì ṣàlàyé ilé ọ̀pá fún wọn.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Ó wá ní kó kọ́ ilé náà, ilé kan péré, àwọn á sì pe àwọn àlejò wá gbá a. Tí wọ́n bá jókòó tì í, òun ni géèmù tuntun. Tí wọn ò bá jókòó tì í, ilé olódi ni.

Ìyá Òkúta ò sọ fún wọn pé òun ń bá nǹkan sáré. Dókítà ti ṣàlàyé fún un pé ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ̀ ti gbó, àti pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà kàn ń bá wọn sún ọjọ́ síwájú ni. Ohun tí ó ń fẹ́ ò ju kí bàbá tún wọ ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó wò ó, kó sì sọ pé òun gan-an nìyí.

Yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni bàbá ń gbé nílé ọmọ rẹ̀. Bí Ìyá Òkúta bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gbé kọ̀ǹpútà sórí tíréè, á gbé tíréè lé itan bàbá, òun á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ilé olódi rẹ̀ kan tí bàbá ò tíì wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó fọwọ́ sí.

"Ta ló gbé àga síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé ìpàkọ́ ni mo máa fi wo ọkọ̀ ni? Gbé e kúrò. Kódà, a ò ní àga. Àga máa ń mú èèyàn sùn. Àpótí ìjókòó kan la ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì."

Ó yọ àga, ó fi àpótí ìjókòó síbẹ̀, ó sì mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan máa mì.

"Háà! Òun nìyẹn, olè! Òun ló ya ṣòkòtò mi." Bàbá súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Àkísà mi dà?"

"Àkísà wo?"

"Ọwọ́ lásán lo fẹ́ fi di ọ̀pá mú? Òógùn ọwọ́ á mú kó dípẹtà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán kàn án, àwọn ọ̀gá wa á lé e sísàlẹ̀ bí ewúrẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, bàbá ń bá a wí, òun náà ń tún un ṣe. Kò tíì gbádùn iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, bàbá ní kó gbé òòyà òun wá àti igi ìṣáná kan. Òòyà náà ti ká léyín níbì kan. Bàbá tẹ́ ẹ sórí tíréè, ó fi igi ìṣáná sínú àlàfo eyín tó ká.

"Òòyà yìí ni ọ̀pá tèmi. Igi ìṣáná ni ọ̀pá kejì. Níbi tí òòyà wà yìí, igi lè wọlé, ọ̀pá kejì lè ṣí. Wàyí o, mo ti fa ọ̀pá tèmi." Ó ti òòyà síwájú díẹ̀. "Fi igi yẹn sí i."

Ó gbìyànjú. Eyín òòyà ti dí àlàfo náà.

"Kò wọlé, Bàbá."

"Kò lè wọlé. Bó o bá lágbára bí ẹṣin, kò ní í wọlé. Gbogbo abẹ́ ilẹ̀ yẹn, bó ṣe rí nìyẹn, irin lórí irin. Tí mo bá ti ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ kan, mi ò lè ṣí èyí tó máa dábùú rẹ̀ mọ́, bí mo tilẹ̀ fẹ́." Ó sinmi, ó mí. "Mo ti fi àárẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Àbíkẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ kú, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo fa ọ̀pá tí kò yẹ kí n fà. Ó kọ̀. Mo tún un fà, ó kọ̀. Èèyàn kún inú ọkọ̀ méjèèjì. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ló jókòó ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú ẹni tó wà níbí máa ṣókùnkùn, ó sì gbẹ́ irin náà bẹ́ẹ̀."

Ìyá Òkúta tún òòyà náà tì padà, ó tún fi igi sí i, ó wọlé.

Ìgbà tó ṣe, ó ń kun àwọn ọ̀pá: pupa fún àwọn tó ń gbé apá àmì, dúdú fún àwọn tó ń yí ojú irin. Bàbá ní kó kun èyí tó wà ní igun ní funfun.

"Kí ni funfun ń ṣe?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn? Ìtàn ìyẹn gùn, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí n sinmi ná, màá sọ fún ọ."

Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò wá gbá a, Ìyá Òkúta àti Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn wọn. Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wọn: ẹni tó kọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, kó káwọ́ sẹ́yìn, kó pa ẹnu mọ́. Ohunkóhun tí àlejò bá ṣe, o ò gbọdọ̀ ṣàlàyé.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ gbá àpótí ìjókòó láti wò ó bóyá ó máa fọ́. Kò fọ́. Ó rí àkísà, ó mú un sínú àpò. "Ta ni mo máa tà á fún?" ni ó béèrè. Agogo dún láti ilé ọ̀pá kejì, pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń wá ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀pá láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ti àkọ́kọ́ gbà fún un. Ìyókù kọ̀.

"Ó ti bàjẹ́," ni ó wí.

Obìnrin tó tẹ̀ lé e jáde sójú irin, ó ń rìn lọ títí ó fi dé ibi tí ayé náà parí sí. Ẹnì kan béèrè pé níbo ni idà wà. Ẹlòmíràn ṣèèṣì fa àwọn ọ̀pá náà bó ṣe yẹ. Apá àmì gbéra, ọkọ̀ ojú irin dé, ó rọra ń kọjá lábẹ́ fèrèsé pẹ̀lú iná nínú yàrá rẹ̀ gbogbo, àwọn èèyàn jókòó nínú rẹ̀, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń tòògbé. Ọkùnrin náà wò wọ́n.

"Ṣé kí n kọlù ú ni?"

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò pa Ìyá Òkúta. Ó ti rí i pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò gọ̀. Òun gan-an ló kọ́ wọn. Ọdún mélòó ló ti ń fi ohun rere sínú àpótí fún wọn, tó ń fi ọ̀pá ṣí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀, tí agogo ò sì lè dún kí ẹnì kan má yọ idà? Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn ni wọ́n ń dá padà fún un.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ọ̀gá wá bá a lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"O rí i."

"Mo rí i, Ọ̀gá."

"Ilé náà dára o. Mi ò tíì rí pákó ilẹ̀ tó rí báyẹn rí. Ṣùgbọ́n ilé olódi là ń ṣe."

Ìyá Òkúta ò mọ bó ṣe máa sọ fún bàbá. Ó lọ sí ilé ìdáná ná, ó fọ àwo tó ti mọ́. Bàbá ló pè é.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á, Bàbá."

Bàbá wo àjà. "Ọba tún borí nìyẹn." Ó tún béèrè: "Kí ni wọ́n ṣe nígbà tí agogo dún?"

"Wọ́n ń wá ọ̀tá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ikọ́ tó fi í sílẹ̀. Ìyá Òkúta di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Egungun ẹ̀yìn náà ti fúyẹ́ jù.

"Ilé olódi yín, ṣé ó ní ẹnubodè?"

"Ó ní i, Bàbá. Iye tó bá wù yín."

"Ta ló ń ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Bí èèyàn bá ti dé iwájú rẹ̀, á ṣí fúnra rẹ̀."

"Ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń ya ọ̀lẹ! Fi oníbodè kan síbẹ̀. Ẹni tó ń gbá a, òun ni kó jẹ́ oníbodè. Kó má lè ṣí ti ìta bí ti inú bá ti ṣí. Kí agogo máa dún láti orí ilé gogoro. Jẹ́ kó fa ọ̀pá."

"Ilé ọ̀pá wá ńkọ́?"

"Ilé yẹn ti wó. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wó o. Fún wọn ní ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì."

Ìyá Òkúta fẹ́ sọ pé rárá. Ó mọ̀ pé ohun tí bàbá ń fẹ́ fún ara rẹ̀ ni bàbá ń fi sílẹ̀ yìí, nítorí bàbá ti rí i pé àkókò ò tó fún ilé ọ̀pá àti ilé olódi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó wo bí àyà náà ṣe ń jà kó tó gbéra, ó sì gbé tíréè wá.

Wọ́n ṣètò ẹnubodè ìta àti ti inú, ti odò àti ti àwọn ẹran, èyí tó ń ti èyí àti èyí tó ń dá èyí sílẹ̀. Òòyà wà lórí tíréè láàárín wọn. Iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì nígbà tó gbé ife tíì wọlé fún bàbá ní òwúrọ̀ kan. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣì ń kùn. Àyà ò gbéra mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́ ilé oníbodè sórí ògiri olódi, ó sì gbé àwọn ọ̀pá wọnú rẹ̀ láti ilé ọ̀pá, pẹ̀lú pákó ilẹ̀ wọn àti àwọn kòtò ẹsẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kan, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé àga sí ibi tí kò yẹ, tó kọjú sí ògiri. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ kọjá, ó ní àga náà dára. Ìyá Òkúta bú sẹ́kún níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ sì dúró tì í, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ ní láti béèrè. "Funfun yìí. Kí ni kí n so mọ́ ọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ká yọ ọ́?"

"Rárá."

"Ọ̀pá tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á ní ó bàjẹ́ o."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ mú kí ọ̀pá náà wúwo bí ìyókù, kí ó ró gbàm̀ nígbà tí wọ́n bá fà á dópin, kí ó sì rọra padà sípò rẹ̀. Kò so nǹkan kan mọ́ ọn.

Wọ́n gbé géèmù náà jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú bí àwọn èèyàn sí ilé oníbodè. Ṣùgbọ́n wọn ò sá. Ohun gbogbo tó yí i ká ni wọ́n mọ̀, ọba, ògiri, iná àtùpà, nítorí náà wọ́n ní sùúrù fún ohun kan tó ṣàjèjì. Níbi yìí, Ọ̀gá ò jẹ̀bi. Wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé ẹ̀rù ba àwọn lọ́jọ́ tí ọ̀pá kọ̀ fún àwọn, tí àwọn sì wo ìta gba ojú fèrèsé, tí àwọn rí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ó gbà. Gbogbo èyí ni Ìyá Òkúta kà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò mọ ẹni tó ronú irú nǹkan yìí, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pá funfun ló wá sọ ọ́ di ariwo. Kò sẹ́ni tó gbà pé kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan fà á nígbà tí gbogbo ẹnubodè tì. Àwọn kan ní nínú òjò ni. Ẹnì kan bura pé òun gbọ́ tí ohùn kan sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí kò ra irú géèmù bẹ́ẹ̀ rí rà á torí rẹ̀. Ọ̀gá wá jókòó sórí tábìlì Ìyá Òkúta, inú rẹ̀ ń dùn.

"O gbọ́n jù! Kí ló ń ṣe gan-an? Èmi nìkan ni kó o sọ fún."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá."

"Wò ó! Kò fẹ́ sọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí i. "Ó dáa, pa á mọ́."

Owó tó wọlé ju ti gbogbo ilé olódi àtẹ̀yìnwá lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní kí wọ́n ṣe òmíràn, kí ó tóbi jùyẹn lọ, kí ẹnubodè rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá bi Ìyá Òkúta léèrè ohun tó fẹ́ gbà fún ipa tirẹ̀.

"Ilé ọ̀pá," ni ó wí. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Òun náà ò lè gbé e lọ sílé láìgba àṣẹ.

"Èyí tí ò sẹ́ni tó gbà? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí, Ọ̀gá."

Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé rẹ̀ fún un. Ohun tí iṣẹ́ náà mú wá nìyẹn: ilé olódi mìíràn, tó máa gbà wọ́n lọ́dún púpọ̀, tí òkúta rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ Ìyá Òkúta, àti ilé ọ̀pá tó ti di tirẹ̀ pátápátá, tí kò sẹ́ni tó máa bá a wí mọ́ bó bá ṣì í kọ́.